Pẹ́pẹ́yẹ inú sípíkà lálẹ́ fíìmù ẹgbẹ́ wa

Fíìmù ò tíì lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí sípíkà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké bíi pẹ́pẹ́yẹ. Ẹ̀rín pa wá. Bàbá wa kan ló wà ní yàrá kejì, wọ́n ń fi rédíò ìbánisọ̀rọ̀ tó ní agbára 100 wáàtì pe ará Brazil lórí 7 MHz. SSB (ọ̀nà fífi ohùn ránṣẹ́ lórí rédíò tó ń lo ẹ̀gbẹ́ kan ìgbì nìkan) ni wọ́n ń lò. Bó ṣe máa ń dún nìyẹn tó bá já wọ inú sípíkà.

Jẹnẹrétọ̀ ni mo kọ́kọ́ fura sí. Mo pa á, a gbé sípíkà sórí bátìrì, pẹ́pẹ́yẹ ò dákẹ́. Àfìgbà tí mo fa wáyà ohùn yọ lẹ́yìn sípíkà ni gbogbo ilé tó pa lọ́lọ́. Mítà mẹ́wàá ni wáyà yẹn, abẹ́ áńtẹ́nà gan-an ló sì gbà. Ìgbì 7 MHz gùn tó nǹkan bíi mítà 42, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, gígùn tí wáyà fi máa ń gba ìgbì dáadáa, ò ju mítà mẹ́wàá àti díẹ̀ lọ. Àṣé áńtẹ́nà kejì la tẹ́ sílẹ̀ fúnra wa!

Mo pààrọ̀ rẹ̀ sí oní-mítà mẹ́ta. Ariwo dínkù, kò tán. Mo wá mú òrùka ferrite (ohun onírin tó ń dí ìgbì rédíò lọ́wọ́ lára wáyà), mo ki wáyà bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Mo wé e di ìgbà mẹ́jọ, nítòsí sípíkà gan-an, ó dákẹ́ wẹ́lo. (Tí iye ìgbà tí a wé wáyà bá di ìlọ́po méjì, ìdíwọ́ tí òrùka ń ṣe fún ìgbì ń súnmọ́ ìlọ́po mẹ́rin; ẹ má ṣahun wíwé.)

A dá fíìmù padà síbẹ̀rẹ̀. Bàbá jáde wá, wọ́n ní ta ló ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan.