Bí Kọ́kọ́rọ́ Géètì Ò Bá Fà, Ẹ Wo Wáyà Ná

Kọ́kọ́rọ́ géètì 12 volt ń ṣí dáadáa nígbà tí iná wà. Iná lọ fún wákàtí mélòó kan, ó wá ń dún lásán láìṣí. Ẹ má tíì ra òmíràn. Bátìrì tó wà lórí charger máa ń wà ní nǹkan bíi 13.8 volt. Tí charger bá kú, á wá sí 12 tàbí kó dín, ìgbà yẹn ni àṣírí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń tú.

Wáyà máa ń jẹ lára iná tó ń gbé. Ẹ wọn gígùn rẹ̀ ní mítà, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 2, torí iná ń lọ, ó sì ń bọ̀ (ibí ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ iná ti ń ṣe àṣìṣe). Ẹ fi 0.0175 (iye ti wáyà bàbà) sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ fi amp tí kọ́kọ́rọ́ ń fà sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi ìnípọn wáyà ní mm² pín in. Láti òkè ilé alájà mẹ́ta ní Surulere dé géètì lè tó mítà 30. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ń fa 1 amp, wáyà agogo ẹnu ọ̀nà tó jẹ́ 0.5 mm² á jẹ volt 2.1, wáyà 1.5 á jẹ 0.7, 2.5 á jẹ 0.42.

Ìdí kọ́kọ́rọ́ ni kí ẹ ti fi multimeter (ẹ̀rọ tó ń wọn iná) wọn volt, kí ẹnì kan sì tẹ bọ́tìnnì fún bíi ìṣẹ́jú-àáyá 2, kí kọ́kọ́rọ́ má baà gbóná. Bí wọn ò bá tẹ̀ ẹ́, iná ò ṣàn, wáyà ò jẹ nǹkan kan: multimeter á ka 12, á sì tàn yín jẹ. Bí ohun tó kà bá fi ju volt 1.2 dín sí ti bátìrì, wáyà tàbí oríkèé rẹ̀ ló lẹ́bi. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí atẹ́gùn òkun ń fẹ́ sí, oríkèé tí wọ́n kàn lọ́ pọ̀ tí wọ́n fi téèpù wé máa ń ní ìpẹtà aláwọ̀ ewé. Ẹ gé e, ẹ ha bàbà rẹ̀ kó dán, ẹ fi connector onískúrù dè é.

Ní Alaba, ẹ fi abẹ ha wáyà kí ẹ tó sanwó. Bí inú rẹ̀ bá funfun, aluminium tí wọ́n fi bàbà bò ni, ó sì ń jẹ iná ju bàbà lọ dáadáa.

Bí wáyà agogo bá ti wà nínú ògiri tí ẹ ò fẹ́ fọ́, ẹ gbé bátìrì àti charger sún mọ́ géètì, pẹ̀lú fíùsì lẹ́nu bátìrì, kí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ náà kàn máa fa relay (swíìṣì tí iná díẹ̀ ń tàn, tó wá ń fún kọ́kọ́rọ́ ní iná láti bátìrì). Relay kékeré kì í sábà fà ju 0.1 amp lọ, ohun tó máa sọnù ò ju bíi 0.2 volt. Ẹ má yí ádáptà tó ń gbé iná wá sókè sí 15 volt láti fi dí volt tó ń sọnù lójú wáyà: bí kọ́kọ́rọ́ bá ti sinmi, gbogbo 15 yẹn ló máa dé ìdí kámẹ́rà tàbí intercom tó bá wà lórí wáyà kan náà, ó sì lè jó wọn.