Bí mo ṣe tún àpótí tó ń sọ̀rọ̀ àdìrẹ ṣe

Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, níbí ní Abẹ́òkúta, ló gbé àpótí náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ọmọ rẹ̀ tó wà nílé ẹ̀kọ́ gíga ló tò ó fún un: bọ́tìnnì mẹ́rin, àwòrán aṣọ kọ̀ọ̀kan lókè bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan. Bí oníbàárà bá tẹ ti oníko, ohùn ìyá náà á jáde, á ní ìko la fi dì í kó tó wọnú aró. Ti ẹlẹ́kọ á sọ bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún ya iṣẹ́ sára aṣọ. Ẹ̀kẹta ni alábẹ́rẹ́, tí wọ́n máa ń rán. Ẹ̀kẹrin ni Ìbàdàndùn, tí òpó Mápó wà lára rẹ̀. Iṣẹ́ náà wù mí gan-an. Èrò ń wọ́ lọ sí Ìtòkú, ẹnu ìyá kan ò sì lè kárí gbogbo wọn lọ́jọ́ ọjà.

“Ọmọ mi, bá mi wò ó dáadáa,” ó ní. “Bí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn án, á dédé máa sọ̀rọ̀. Bí mo bá tẹ oníko, á ní Ìbàdàndùn. Bí mo bá ní kó sọ̀rọ̀ sókè, á dákẹ́ pátápátá.”

Mo ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà. Màá rí sí i.”

Arduino Nano, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń gba kóòdù, ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú DFPlayer Mini, èyí tó ń ka orin láti inú mẹ́mọ́rì káàdì, àti sípíkà kékeré kan. Bí irú nǹkan báyìí bá ń ṣe wérewère, DFPlayer ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ pààrọ̀. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo máa ń ya bọ́tìnnì kúrò lára ohùn ná, nítorí àìsàn méjèèjì máa ń wọ aṣọ kan náà.

Mo tú DFPlayer kúrò, mo kọ kóòdù kúkúrú kan tí kò ṣe ju pé kó máa kọ ipò bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan sójú kọ̀ǹpútà. Kíá ni àṣírí tú. Láìtẹ nǹkan kan, nọ́ńbà ń fò láti 0 sí 1, láti 1 sí 0. Bí mo bá na ọwọ́ sún mọ́ wáyà lásán, ó tún ń fò sí i. Láti ibi iná 5V ni wọ́n ti fa wáyà bọ́tìnnì wá sí ẹsẹ̀ Nano, kò sì sí rẹsísítọ̀ (ohun tó ń dín iná kù) kankan tó máa fa ẹsẹ̀ náà padà sísàlẹ̀ nígbà tí a kò bá tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ tí kò so mọ́ ibì kankan báyìí, ohunkóhun tó bá wà nínú afẹ́fẹ́ ló máa gbà. Mo gbé wáyà náà kúrò lára 5V, mo jó o mọ́ GND, ìyẹn ibi òdo iná, mo sì kọ INPUT_PULLUP sínú kóòdù, kí ẹsẹ̀ náà lè máa wà lókè nígbà tí a kò bá tẹ bọ́tìnnì. Nano ní rẹsísítọ̀ tirẹ̀ nínú, bíi 20 sí 50 kílóóòmù, kò sídìí láti lọ ra òmíràn. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ ti yí padà: tí a bá tẹ bọ́tìnnì, LOW (0) ni yóò kà, kì í ṣe HIGH (1). Ẹni tó bá gbàgbé ìyẹn, àpótí rẹ̀ á máa sọ̀rọ̀ nígbà tí kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó nínú kóòdù ni pé, níwọ̀n ìgbà tí ìka bá ṣì wà lórí bọ́tìnnì, àṣẹ “kọrin” ń lọ léraléra, ohùn ìyá sì ń kọ́lọ̀lọ̀: “ì-ì-ì-ìko.” Mo tún un kọ kó jẹ́ pé ìgbà tí HIGH bá di LOW nìkan ni àṣẹ máa lọ. Irin inú bọ́tìnnì pẹ̀lú máa ń fò díẹ̀ kó tó jókòó, nítorí náà mo fi millis(), aago inú Nano, dúró fún 30 mílísẹ́kọ́ọ̀ǹdù kó tó gba ìtẹ̀ náà gbọ́.

Ọ̀rọ̀ oníko tó ń di Ìbàdàndùn kò le. Àṣẹ play(1) tó wà nínú kóòdù kì í wo orúkọ fáìlì, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ dà sórí káàdì ló ń mú. Mo ṣe fódà kan tí mo pè ní mp3, mo sọ àwọn fáìlì ní 0001.mp3 títí dé 0004.mp3, mo wá lo playMp3Folder(1). Láti ìgbà náà, nọ́ńbà inú orúkọ ló ń tẹ̀lé.

Ó wá ku èyí tó ń dákẹ́. Mo fi mítà sáàárín VCC, ibi tí iná ń gbà wọlé, àti GND lára DFPlayer, mo gbé ohùn sí 30, tó jẹ́ òpin rẹ̀. Bí ìyá ṣe la ohùn, iná já wálẹ̀ láti 5V, DFPlayer sì kú, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wáyà tín-ín-rín gígùn ni iná ń gbà kọjá. Mo fi èyí tó nípọn tó sì kúrú rọ́pò rẹ̀, mo jó kapásítọ̀ 1000 máíkírófárádì, tó ń tọ́jú iná díẹ̀ pa mọ́, sí ẹnu DFPlayer gan-an, mo sì fi ohùn sí 24. Ó tó fún ọjà. Ariwo fúùù tó wà lábẹ́ ohùn náà lọ nígbà tí mo fi rẹsísítọ̀ 1 kílóóòmù sáàárín ẹsẹ̀ Nano àti RX, ẹsẹ̀ tí DFPlayer fi ń gba àṣẹ, torí 3.3V ni DFPlayer fi ń sọ̀rọ̀, 5V sì ni Nano ń rán sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má so wáyà sípíkà kankan mọ́ GND o. SPK_1 àti SPK_2, ẹsẹ̀ sípíkà lára DFPlayer, nìkan ni kí wọ́n wà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ lè jó DFPlayer náà.

Mo tún fa ẹsẹ̀ BUSY ti DFPlayer wá sí ẹsẹ̀ D7 lára Nano. LOW ni ó máa ń jẹ́ nígbà tí ohùn bá ń jáde, mo sì lò ó kí bọ́tìnnì kejì má baà já ìyá lẹ́nu gbà láàárín ọ̀rọ̀.

D2 sí D5 ni bọ́tìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà. Mo ti jó wáyà mọ́ D6 sílẹ̀, mo sì kọ ọ́ sínú ìdérí àpótí fún ọmọ náà: bí Màmá bá fẹ́ fi aṣọ tuntun kún un, 0005.mp3 ni kó sọ fáìlì rẹ̀.