Ápù àbẹ́là fún Ọgbà Ádífẹ́ńtì
Ẹ̀yin òbí tó ń bá ilé-ìwé Waldorf (irú ilé-ìwé kan tó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ ọnà kọ́ ọmọ) múra Ọgbà Ádífẹ́ńtì, ìyẹn ayẹyẹ àbẹ́là àwọn ọmọdé ṣáájú Kérésìmesì, ẹ kọ́kọ́ gé ìdí ápù kó tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ẹ tó gbẹ́ ihò àbẹ́là sí i lórí. Bí ihò bá fẹ̀ jù, ẹ fi fóìlì wé ìdí àbẹ́là kó lè dúró gbọn-in. Ọmọ kékeré ló máa gbé e wọ àárín ẹ̀ka igi tútù tí wọ́n tò bí ìkarahun ìgbín, nínú òkùnkùn, tí yóò tàn án láàárín, tí yóò sì gbé e kalẹ̀ bó ṣe ń jáde bọ̀. Ápù tí ìdí rẹ̀ tẹ́ kì í yí gbirigbiri. Àmọ́ kò ní kí iná má jó aṣọ o: ẹ di irun gígùn, ẹ ká apá aṣọ sókè, kí garawa omi sì wà nítòsí.