Ọmọ Ìkókó Tí Kì Í Sùn Àfi Lọ́wọ́ Èèyàn: Ìtọ́sọ́nà fún Ilé Àgbẹ̀ àti Ilé Ọlọ́jà

Aago méjì òru ni. Ọmọ ti mu ọmú yó, ó ti gùfẹ̀, ojú ti pa dé. Ẹ ń yọ́ rìn bí olè, ẹ tẹ́ ẹ sórí fóòmù, ẹ yọ ọwọ́ kan, ó ku ìkejì. Bí ìkejì ṣe ń kúrò lábẹ́ orí rẹ̀ ni apá méjèèjì là gbàà sókè, ó ta gìrì, ó figbe ta. Ẹ gbé e, ó dákẹ́. Ẹ tẹ́ ẹ padà, ó tún fi igbe bọnu. Báyìí ni ilẹ̀ ṣe ń mọ́ bá yín lórí ìjókòó, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gẹ́ tí ẹ hú lánàá wà nílẹ̀, kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Nínú gbogbo ilé tí mo ń wọ̀ nídìí iṣẹ́ ìlera abẹ́lé, ẹjọ́ tí àwọn ìyá ìkókó ń bá mi rò jù nìyí. "Nọ́ọ̀sì, ọwọ́ ti mọ́ ọmọ yìí lára jù. Wọ́n ti bà á jẹ́ fún mi." Ìyá ọkọ á wo ọ̀tún, á wo òsì, torí òun ni ọ̀rọ̀ ń bá wí. Mo fẹ́ gbèjà ìyá ọkọ díẹ̀ nínú ìwé yìí, kí n tó wá bá òun náà jà.

Kí ló ń ṣe ọmọ náà?

Kò sóhun tó ń ṣe é. Oṣù mẹ́sàn-án ló fi wà níbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó ń mì í lẹ̀gbẹ̀-lẹ̀gbẹ̀, tí ọkàn ìyá ń lù létí rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Àná la gbé e jáde, a sì fẹ́ kó dá sùn lórí fóòmù tó tutù.

Ọmọ ìkókó a máa sùn tó wákàtí 14 sí 17 láàárín ọ̀sán àti òru, ṣùgbọ́n ní gígé-gígé, wákàtí méjì níhìn-ín, mẹ́ta lọ́hùn-ún, torí ikùn rẹ̀ kéré, ó sì ní láti mu ọmú tó ìgbà 8 sí 12. Kò mọ̀ pé òru yàtọ̀ sí ọ̀sán. Á tó oṣù méjì sí mẹ́ta kí ìyẹn tó yé ara rẹ̀. Ẹ lè ràn án lọ́wọ́. Lọ́sàn-án, ẹ ṣí fèrèsé, kí ilé máa pariwo bó ṣe máa ń pariwo. Lóru, kí iná má pọ̀, kí ẹnikẹ́ni má tan fóònù sí i lójú, kí ẹ má bá a ṣeré. Ẹ fún un lọ́mú, ẹ pààrọ̀ ìlédìí bó bá yàgbẹ́, ó parí.

Ní ti títa gìrì yẹn, àwọn ìyá àgbà wa ní àlàyé tiwọn: wọ́n ní a kò ju ọmọ náà sókè dáadáa nígbà tí a ń wẹ̀ ẹ́, ìyẹn ló fi ń bẹ̀rù. Ibí ni mo ti ń bá wọn jà. Àti èyí tí a jù àti èyí tí a kò jù, gbogbo wọn ló ń ta gìrì bí orí wọn bá ṣàdédé lọ sẹ́yìn. Bí ara wọn ṣe rí nìyẹn, a sì máa lọ fúnra rẹ̀ kí ọmọ tó pé oṣù mẹ́fà. Kódà, ọmọ tí kì í ta gìrì rárá ni àwa máa ń fura sí. Ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ ẹ́, ẹ fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ ra á lára, ṣùgbọ́n ẹ má jù ú sókè, ẹ má sì fi apá gbé e rọ̀.

Ìbàjẹ́ ńkọ́? Lọ́dún 1986, àwọn oníṣègùn kan ní Montreal, ní Kánádà, ní kí àwọn ìyá kan máa gbé ọmọ wọn sí i lójoojúmọ́, ìbáà sunkún, ìbáà má sunkún. Nígbà tí àwọn ọmọ náà pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹkún tiwọn fi ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí a kò gbé tó bẹ́ẹ̀. Ẹ sì rántí pé ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn gan-an ni ẹkún ọmọ máa ń le jù, kó tó wá máa rọlẹ̀ títí di oṣù kẹta sí ìkẹrin. Ìyá ọkọ jàre. Gbígbé kò ba ọmọ ìkókó jẹ́. Ẹni tó ń gbé e ló ń wó lulẹ̀, nítorí náà òun ni ìyókù ìwé yìí dá lé lórí.

Bí a ṣe ń tẹ́ ẹ sílẹ̀

Oorun ọmọ ìkókó kì í wọra lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó kọ́kọ́ ń gbé e lọ fúyẹ́: ẹyinjú á máa yí lábẹ́ ìpéǹpéjú, á rẹ́rìn-ín, á máa fa ẹnu bí ẹni ń mu ọmú, á kùn. Ó lè tó ogún ìṣẹ́jú kí oorun tó wọ̀ ọ́ lára, inú ogún ìṣẹ́jú yìí sì ni ọ̀pọ̀ wa ti ń kánjú tẹ́ ẹ. Ẹ gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè díẹ̀ kí ẹ fi sílẹ̀. Bó bá já wálẹ̀ wọ̀ọ̀ bí aṣọ tó rin, oorun ti wọra. Bó bá ṣì di ẹ̀ṣẹ́, ẹ ṣe sùúrù.

Lọ́dún 2022, obìnrin onímọ̀ kan ní Japan, Kumi Kuroda, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí RIKEN, wo bí ọkàn ọmọ 21 ṣe ń lù nígbà tí ìyá wọn ń gbé wọn rìn àti nígbà tó ń tẹ́ wọn. Bí ìyá bá gbé ọmọ tó ń sunkún rìn fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìdúró, ọ̀pọ̀ ló ń dákẹ́, àwọn mìíràn á sì sùn. Bó bá tún jókòó pẹ̀lú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́jọ kó tó tẹ́ ẹ, ọmọ kì í sábà jí. Ohun tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni pé kì í ṣe fóòmù ló ń jí ọmọ. Ìgbà tí ara ìyá bá bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lára rẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ máa ń sáré.

Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Kí àyà yín má kúrò lára rẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi kan ilẹ̀ ibùsùn. Ìdí ni kó kọ́kọ́ balẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn, orí ni kó kẹ́yìn. Ẹ fi ọwọ́ kan mú apá rẹ̀ méjèèjì jọ sórí àyà rẹ̀, kí ẹ ka oókan, eéjì, títí dé ọgọ́ta, kí ẹ tó máa yọ ọwọ́ ní ìka kọ̀ọ̀kan. Bó bá kùn, ẹ má tíì gbé e. Ọmọ a máa pariwo lójú oorun. Èmi náà ti fi ọwọ́ ara mi jí ọmọ tí kò ní í jí.

Òru ọyẹ́ kan ni mo kọ́ èyí tó kù. Ọmọ mi kejì ti jí lẹ́ẹ̀mẹta, mo wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ibi tí mo ń tẹ́ ẹ sí. Ó tutù bí òkúta odò. Mo bọ́ ìró tí mo ró sùn, tí ooru ara mi ṣì wà nínú rẹ̀, mo tẹ́ ẹ sórí fóòmù, mo ká etí rẹ̀ sábẹ́ ṣinṣin kó má baà bo ọmọ lójú. Ìgbà yẹn ló gbà fún mi. Ìgbà mìíràn kò gbà, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Ẹ má bá a jà lórí gbogbo oorun rẹ̀. Ẹ mú ẹyọ kan lójúmọ́, oorun àkọ́kọ́ lálẹ́ fún àpẹẹrẹ, kí ẹ máa fi kọ́ ọ. Ìyókù, kó sùn lẹ́yìn yín tàbí láyà yín.

Ọwọ́ mélòó ló wà nílé?

Ẹni tó bí ọmọ ní láti sùn tó wákàtí mẹ́rin láìjí, bí ọwọ́ mìíràn bá wà. Bó bá ti fún ọmọ lọ́mú tán ní aago mẹ́jọ alẹ́, kí ẹlòmíràn gbà á kí ìyá wọlé lọ sùn, kí wọ́n má jí i títí ebi yóò fi pa ọmọ.

Bàbá ọmọ, ẹ̀yin ni mò ń wò. Ní Bogotá, ní Kòlóḿbíà, lọ́dún 1978, níbi tí ẹ̀rọ tí wọ́n ń tẹ́ ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé sí kò ti tó, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í so irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́ àyà ìyá rẹ̀ láìwọ aṣọ. Lónìí, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí á máa ṣe é fún ọmọ tí kò gbó àti èyí tó fúyẹ́ jù, wákàtí 8 sí 24 lójúmọ́. Àyà ọkùnrin náà gbóná tó, ọkàn yín náà ń lù. Kò sọ ẹnikẹ́ni di obìnrin.

Ṣùgbọ́n ẹ wẹ̀ kí ẹ tó gbà á. Ẹni tó fín oògùn apakoríko tàbí apakòkòrò lóko, oògùn náà wà lára ṣòkòtò rẹ̀, ó wà ní irun àyà rẹ̀ tí ọmọ fẹ́ fi ẹnu kàn. Ẹ bọ́ aṣọ oko síta, ẹ fi ọṣẹ wẹ̀, kí wọ́n fọ aṣọ yẹn lọ́tọ̀ sí ti ọmọ.

Ọ̀já wa dára. Bí ẹsẹ̀ ọmọ ṣe ń yà lẹ́yìn ìyá bá oríkèé ìbàdí rẹ̀ mu. Kí ọrùn tó le, kí aṣọ gbá ẹ̀yìn orí rẹ̀ mú, kí ojú yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí imú ṣí sílẹ̀. Bó bá jẹ́ àyà lẹ so ó mọ́, ẹ gbọ́dọ̀ lè rí ojú rẹ̀, kí àgbọ̀n rẹ̀ má sì tẹ̀ mọ́ àyà rẹ̀. Ẹ má gbé e sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí tàbí sè epo, torí èéfín ń ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè jókòó sórí ẹní gbé àbúrò rẹ̀ lójú àgbà; kó má pọ̀n ọ́n.

Ìbejì ńkọ́? Ní Ìgbò-Ọrà, níbi tí wọ́n ti gbajúmọ̀ fún ìbejì, ohun tí mo máa ń gbà wọ́n nímọ̀ràn ni pé bí Táíwò bá jí láti jẹun, kí wọ́n jí Kẹ́hìndé náà, kí oorun wọn lè máa bọ́ sí àkókò kan náà. Ìyá ìbejì tó dá wà kò gbọ́dọ̀ tijú láti pe aládùúgbò.

Ibi tí ọmọ yóò sùn sí

Kó sùn ní yàrá kan náà pẹ̀lú yín, kó dojú sókè, lórí ohun tó le tó sì tẹ́jú, lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, láìsí ìrọ̀rí àti aṣọ wúwo. Bó bá jẹ́ ẹní kan náà lẹ jọ ń sùn, kó má wà láàárín àgbà méjì, kí ẹni tó mu ọtí tàbí tó lo oògùn oorun má sùn tì í. Èyí tó burú jù ni kí oorun gbé yín lọ lórí àga tìmùtìmù pẹ̀lú ọmọ láyà, níbi tí imú rẹ̀ ti lè há. Bí oorun bá ti ń kùn yín, ẹ gbé e lọ sórí ẹní.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ wọ ẹnu rẹ̀

Omi, àgbo, oyin, ọtí, oògùn ikọ́ tó ń múni sùn: kò sí ìkankan. Ọmú nìkan títí oṣù mẹ́fà. Lọ́dún 2008, oògùn eyín olómi kan tí èròjà olóró wọ̀ pa ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà. Ìyá wọn rà á pé kí ara tù wọ́n ni. Kàfúrà tí à ń jù sínú àpótí aṣọ náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ní irú ẹ̀jẹ̀ kan tí kàfúrà máa ń bà jẹ́, tí ara ọmọ á di yẹ́lò, tí ó sì lè dé ọpọlọ. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú aṣọ ọmọ, ẹ fọ aṣọ náà, kí ẹ sá a sóòrùn kí ẹ tó wọ̀ ọ́ fún un.

Bí inú bá ń bí yín

Yóò bí yín. Òru kan á wà tí ẹ ó wo ọmọ yìí bí ọ̀tá. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, ẹ jẹ́ kó sunkún, ẹ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, ẹ bu omi bọ́jú. Ẹkún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò pa ọmọ. Mímì í jìgìjìgì lè pa á. Bí ìbànújẹ́ bá sì gbà yín lọ́kàn fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, tí ẹ kò lè sùn kódà nígbà tí ọmọ bá sùn, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì.

Ìgbà tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọwọ́ mọ́

Ọmọ tó ń sunkún bí a bá tẹ́ ẹ, tó ń dákẹ́ bí a bá gbé e, kì í bà mí lẹ́rù. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni èyí tó ń ké lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ bí ẹni a gún lábẹ́rẹ́, tàbí èyí tó ṣàdédé wá ń sùn fọnfọn, tí kò jí jẹun. Kí ẹ tún wo ìwọ̀nyí: ara tó gbóná tó ìwọ̀n 38 ti Celsius tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara tó tutù, gìrì, àwùjẹ tó wú sókè, ìdodo tó pọ́n tàbí tó ń ṣọyún, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ tó di yẹ́lò, àyà tó ń wọlé bó ṣe ń mí, tàbí èémí tó tó 60 ní ìṣẹ́jú kan nígbà tó dákẹ́. Èyíkéyìí nínú wọn, ẹ má dúró di ilẹ̀ mọ́. Ẹ mú káàdì àjẹsára rẹ̀, ẹ so ó mọ́ àyà yín lábẹ́ aṣọ kí òtútù má mú un lọ́nà, kí ẹ máa fún un lọ́mú títí ẹ ó fi dé ilé ìwòsàn.