Íńtáfíù Láti Di Dókítà Eyín: Ibi Tí Ẹsẹ̀ Ti Ń Yọ̀

Iṣẹ́ eyín ni mò ń ṣe ní Adó-Èkìtì, nítorí náà àwọn ọmọ tó fẹ́ wọlé kọ́ ọ, àti àwọn òbí wọn, kì í jẹ́ kí n sinmi lásìkò fọ́ọ̀mù. Ìbéèrè wọn jọra. Mo kó àwọn tó wọ́pọ̀ jù jọ síbí, pẹ̀lú èsì tí mo máa ń fún wọn.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ṣé gbogbo fásitì ló máa ń pe èèyàn fún íńtáfíù ni?

Ìdáhùn: Rárá, àbúrò. Bó o bá ń lọ sí Ìbàdàn, Ifẹ̀ tàbí UNILAG, JAMB, post-UTME àti WAEC rẹ ni wọ́n máa wò: kírẹ́díìtì márùn-ún, tí Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Báọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì sì wà nínú rẹ̀. Àwọn fásitì aládàáni kan máa ń pe èèyàn jókòó. Ní UK ní tiẹ̀, wọ́n á fẹ́ rí ojú rẹ kí wọ́n tó gbà ọ́, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ eyín ibẹ̀ ló sì ń lo MMI: o kúrò ní ìdúró kan bọ́ sí òmíràn, ìṣẹ́jú díẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojú tuntun, ìbéèrè tuntun. Amẹ́ríkà yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ń béèrè pé kó o ti ka fásitì ná, kó o sì ti ṣe DAT, ìdánwò ìgbaniwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ eyín. Má fi èsì WAEC nìkan forí lé ibẹ̀.

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n bi ọmọ mi pé kí ló dé tí kò fi lọ kọ́ ìṣègùn gbogbogbòò. Ó ní máàkì òun ni kò tó. Wọn ò mú un. Ṣé kó purọ́ ni?

Ìdáhùn: Kó má purọ́, mà. Ṣùgbọ́n máàkì kọ́ ni wọ́n ń béèrè. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ náà mọ ohun tó ń bọ̀ wá ṣe, àbí ìdí eyín ló kàn yà sí nígbà tí ọ̀nà kan dí mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ní Èkìtì níbí, ilé tó bá ti ní ọ̀jọ̀gbọ́n ń wá dókítà, dókítà tí wọ́n sì ní lọ́kàn ni ẹni tó ń gbé nǹkan ìgbọ́àyà kọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ lọmọ ṣe gbọ́ ọ dàgbà. Bó bá wá jókòó síwájú ìgbìmọ̀, ohùn rẹ̀ nìkan á tú u fó.

Èsì kan tún wà tó burú tó bẹ́ẹ̀: pé iṣẹ́ eyín kì í pe èèyàn lóru, owó sì wà níbẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ ìyẹn títí ó fi sú wọn.

Kó ronú lórí ohun tó jẹ́ ti eyín gan-an. Láti ilé ẹ̀kọ́ ni wàá ti máa fi ọwọ́ ara rẹ ṣiṣẹ́ lẹ́nu aláìsàn, lórí ẹni tó lajú sílẹ̀, tó ń gbọ́ gbogbo ohun tó ò ń sọ. Ẹni tó fi omijé wọlé lè jáde lọ́jọ́ kan náà láìsí ìrora. Ẹnì kan sì lè wà lọ́wọ́ rẹ láti ìgbà tó ní eyín ọmọdé 20 títí tó fi ní 32 ti àgbà.

Ọmọ wa tún ní ohun tí ọmọ Lọ́ńdọ̀nù lè má ní. Àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní noma. Láti erìgì ọmọ kékeré tí kò rí oúnjẹ gidi jẹ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí wọn kò bá tètè tọ́jú rẹ̀, á jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti egungun ojú lọ. Ilé ìwòsàn kan wà ní Sókótó tó gbájú mọ́ ọn, oṣù Kejìlá ọdún 2023 sì ni àjọ WHO kà á mọ́ àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí aráyé pa tì. Ọmọ tó bá lè ṣàlàyé ìdí tó fi jẹ́ pé ọmọ tálákà ni àrùn yìí ń mú, àti ibi tí iṣẹ́ dókítà eyín ti kàn án, ti sọ ìdí tó fi yan eyín láìfẹnu kan máàkì. Kó kà nípa rẹ̀ dáadáa o, torí wọ́n á wá ìdí ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀.

Ìbéèrè: Mo lọ wo iṣẹ́ ní ẹ̀ka eyín ní Ìdó-Èkìtì nígbà ìsinmi. Mo sọ gbogbo ohun tí mo rí fún wọn, síbẹ̀ wọ́n ní kò jinlẹ̀.

Ìdáhùn: O kà á sílẹ̀ bí ẹni ń ka ẹrù ọjà ni: yíyọ eyín, dídí eyín, fífọ eyín, X-ray. Àwọn tó jókòó síwájú rẹ ló ń ṣe é lójoojúmọ́. Mú ẹyọ kan ṣoṣo. Bóyá ọmọdé kan tó kọ̀ tí kò lanu, tí dókítà wá fi dígí kékeré lé e lọ́wọ́ kó fi wo ẹnu ara rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Kí lo rò pé dókítà yẹn ń ṣe? Ká ní ọmọ náà ṣì kọ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Sì ṣọ́ ẹnu rẹ. Má dárúkọ aláìsàn, má sì sọ pé "ìyá oníbúrẹ́dì kan ní Ọjà Ọba." Èkìtì ò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò lè pa àṣírí aláìsàn mọ́ nínú íńtáfíù, ta ló máa fi aláìsàn lé e lọ́wọ́?

Ìbéèrè: Bí wọ́n bá bi mí nípa iṣẹ́ ọwọ́ ńkọ́? Mi ò mọ dùùrù tẹ̀, mi ò sì ń ya àwòrán.

Ìdáhùn: Ta ló ní dandan ni dùùrù? Ṣé o ń dirun? Irun wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi odindi ọjọ́ dì, tí ìlà rẹ̀ tọ́, ń gba sùúrù, ọwọ́ méjèèjì àti ojú tó mú. Ẹni tó ti bá ìyá àgbà mọ ìkòkò ní Ìsàn-Èkìtì ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ láti sọ. Aṣọ rírán, fóònù títúnṣe, gbogbo rẹ̀ ló dáa. Àṣìṣe ibẹ̀ ni kéèyàn ní "ọwọ́ mi já fáfá," kó sì dákẹ́. Sọ èyí tó bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ àti bó o ṣe tún un ṣe.

Ìbéèrè: Wọ́n ní kí n máa wo olùbéèrè lójú. Nílé wa, ọmọ tó bá ń wo àgbà lójú kò lẹ́kọ̀ọ́.

Ìdáhùn: Mo mọ̀, bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n òyìnbó tó rí i pé ilẹ̀ lò ń wò á rò pé ẹ̀rù ń bà ọ́ ni, tàbí pé ò ń fi nǹkan pa mọ́. Bó bá ṣòro, wo àárín ojú rẹ̀ méjèèjì. Kò ní mọ ìyàtọ̀. Kí wọn lẹ́ẹ̀kan, jókòó. "Sà" kan kò burú, àmọ́ bó bá ń tẹ̀lé gbogbo gbólóhùn, kò ní jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tó ò ń sọ.

Ohun tó tún ń pa àwọn ọmọ wa lára ni ìrẹ̀lẹ̀ tó kọjá àlà. Wọ́n á bi í pé kí ló ṣe nínú ẹgbẹ́ kan nílé ìwé, á ní "a ṣe é, Ọlọ́run ló ràn wá lọ́wọ́." Dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nílé. Nínú yàrá yẹn, sọ ohun tí ìwọ ṣe.

Ìbéèrè: Nínú íńtáfíù, wọ́n ní ká ní akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ń rùn fún ọtí, tó sì fẹ́ wọlé tọ aláìsàn lọ, kí ni màá ṣe? Mo ní màá fẹjọ́ rẹ̀ sùn lójú ẹsẹ̀. Kí ni mo ṣì?

Ìdáhùn: Ẹjọ́ sísùn kọ́ ló burú, o kàn fo àwọn nǹkan kan ni. Aláìsàn ló kọ́kọ́: ẹlẹgbẹ́ rẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni lónìí. Lẹ́yìn náà, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bi í léèrè. Ó lè má jẹ́ ọtí; ìtọ̀ ṣúgà tó ti ga jù lè mú kí èémí èèyàn rùn lọ́nà tó jọ ọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́. Ìgbà yẹn ni ọ̀gá tó ń bójú tó yín á gbọ́, bó o bá sì lè mú kí ẹlẹgbẹ́ rẹ fúnra rẹ̀ lọ sọ ọ́, ó dára jù. Àwọn mìíràn ń ṣe òdì kejì, wọ́n á ní ọ̀rẹ́ àwọn ni, àwọn á bò ó. Èyí burú ju tìrẹ lọ. Àjọ GDC tó ń darí iṣẹ́ eyín ní UK ní ìlànà mẹ́sàn-án, àkọ́kọ́ nínú wọn sì ni pé ire aláìsàn ló ṣáájú.

Wọ́n lè yí i padà pé ọ̀gá rẹ ló mutí. Ibí ni ọmọ Yorùbá ti máa ń dákẹ́. Èsì kò yí padà. Ẹni tí wàá lọ bá nìkan ló yí padà.

Ìbéèrè: Lórí Zoom ni wọ́n fẹ́ bá ọmọ mi sọ̀rọ̀. Kí la gbọ́dọ̀ ṣọ́?

Ìdáhùn: Aago, sà. Láti òpin oṣù Kẹwàá títí di òpin oṣù Kẹta, wákàtí kan la fi ṣáájú UK. Aago mẹ́wàá àárọ̀ tiwọn, mọ́kànlá ni níbí. Nígbà tó kù lọ́dún, aago kan náà la jọ ń lò. Kí bátìrì kún, kí dátà orí fóònù kejì wà nítòsí, torí iná ò ní bi yín kó tó lọ. Kó má lẹ ìwé mọ́ ara ògiri láti máa kà á: ojú tó ń sáré láti òsì sí ọ̀tún hàn kedere.

Ìbéèrè: Wọ́n bi mí nípa NHS, ètò ìlera ìjọba UK, mo ní ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀.

Ìdáhùn: Lóòótọ́, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi dá a sílẹ̀ lọ́dún 1948, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí owó fi wọ ti eyín. Ní England lónìí, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ń san lára owó eyín wọn. Àwọn tí kò tíì pé ọdún 18 kì í san. Ọ̀pọ̀ èèyàn ibẹ̀ ni kò sì rí dókítà eyín NHS tó máa gbà wọ́n, ó sì yẹ kó o lè sọ nípa ìyẹn.

Ìbéèrè: Bí mi ò bá mọ èsì rárá ńkọ́?

Ìdáhùn: Sọ pé o ò mọ̀, kó o wá ro ó sókè létí wọn. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ṣé ó tọ́ kí ìjọba fi fluoride sínú omi ìlú, o lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó o mọ̀: ó ń mú kí ara eyín le, èyí tó bá pọ̀ jù ń sọ eyín ọmọdé di alábàwọ́n, gbogbo ìlú ló sì máa mu ún, títí kan ẹni tí kò fẹ́. O ti ní ọ̀rọ̀ láti sọ nìyẹn. Ẹni tó há èsì sórí, ìbéèrè kan tí kò retí ti tó láti tú u ká.

Ìbéèrè: Tí wọ́n bá ní kí èmi náà béèrè nǹkan?

Ìdáhùn: Béèrè ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ wọn máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kan aláìsàn, àti ẹni tó ń dúró tì í lọ́jọ́ yẹn. Iye owó ilé ẹ̀kọ́ ti wà lórí ìkànnì wọn. Má bi wọ́n. Bí o kò bá sì ní ìbéèrè, dúpẹ́, kó o dìde.