Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lórí Ọ̀nà Síkì Tí Wọ́n Ti Tẹ́ Pẹrẹsẹ

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni fídíò máa ń wọlé sílé wa ní Ìkòròdú. Dàmọ́lá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Calgary ní Kánádà, á ti gbé pákó síkì rẹ̀, pákó gígùn méjì tí wọ́n ń so mọ́ ẹsẹ̀ láti fi yọ̀ lórí yìnyín, lọ sórí òkè ní Banff, àárọ̀ ṣì ni lọ́dọ̀ wọn. Bó bá ti rí ẹni bá a di fóònù mú, á fi bó ṣe ń yọ̀ sọ̀kalẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Ìyá rẹ̀ á máa pe Jésù. Èmi á ní kí wọ́n dá a padà síbẹ̀rẹ̀ kí n lè wo orúnkún ọmọ náà dáadáa. Ọdún 11 ni mo lò ní Calgary kí n tó padà wálé, mo sì fi 9 nínú rẹ̀ ṣe síkì.

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa lókè òkun ló ti kọjá ìpele alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ báyìí. Wọ́n mọ̀ ọ́n dúró, wọ́n mọ̀ ọ́n yà, wọn kì í fi gbogbo ọjọ́ ṣubú. (Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé eré yìí kì í ṣe tiwa: Samuel Ikpefan ṣojú Nàìjíríà nínú síkì ní Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní Beijing ní 2022.) Àwọn tó wà ní àárín yìí gan-an ni ẹ̀rù wọn ń bà mí jù. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń ṣọ́ra, ọ̀gá mọ ohun tó ń ṣe. Ẹni àárín ni ọ̀nà tó tẹ́ máa ń tàn jẹ.

Ẹ má ṣe rò pé ohun tó tẹ́ ló rọrùn

Lálẹ́, nígbà tí gbogbo èèyàn bá ti sọ̀kalẹ̀, àwọn katapílà ńlá á gun òkè náà. Wọ́n á tú yìnyín tó ti le, wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́ pọ̀ títí ojú ọ̀nà á fi tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ilà kéékèèké á wà lára rẹ̀ bí ipa òòyà lára irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà. Ó lẹ́wà láàárọ̀, mi ò lè purọ́. Ṣùgbọ́n kò sí òkìtì kankan níbẹ̀ tó máa dá yín dúró, kò sí yìnyín jíjìn tó máa di ẹsẹ̀ yín mú. Bí ẹ bá kọ imú pákó sí ìsàlẹ̀ tààrà, kíá ni eré á ti bọ́ lọ́wọ́ yín.

Àwọn obìnrin tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sétí ọ̀sà ní Báyékù lásìkò òjò mọ ọ̀rọ̀ yìí, bí wọn ò tilẹ̀ rí yìnyín rí. Bí ilẹ̀ bá ti ń yọ̀, wọn kì í na ọmọ ìka ẹsẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ ilẹ̀, wọ́n á gba apá kan lọ, wọ́n á tún gba apá kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni síkì rí. Yíyà ni bíréèkì. Etí irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó ló ń gé yìnyín tó sì ń pa eré, kò sì lè pa á bí ẹ ò bá yà títí imú pákó fi kọjú sí ẹ̀gbẹ́ òkè.

Ibi tí Dàmọ́lá ti ń ṣìṣe nìyí. Á yà díẹ̀ sí ọ̀tún, kí ìyẹn tó parí á ti já sí òsì, eré á sì máa lé sí i. Nígbà tó bá wá rí i pé ó ti pọ̀ jù, á mú imú pákó méjèèjì pàdé, á la ìdí wọn, bí àwọn ọmọdé ṣe ń dúró, orúnkún á wá jẹ gbogbo ìyà náà. Mo ní kó máa kọ lẹ́tà S tó fẹ̀ sára òkè. Tó bá yà tán, kó ka ení, kó ka èjì, kó tó yà padà.

Ẹ má ṣe jókòó sẹ́yìn

“Àǹtí mi, ẹ kú ilé o. Kí ló dé tí itan ń ta mí bí ẹni pé wọ́n fi ata pa á?”

Mo ti rí ìdí rẹ̀ nínú fídíò kí Dàmọ́lá tó béèrè. Ara ẹni máa ń fẹ́ sá fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, á máa fà sẹ́yìn. Bí ìwúwo yín bá ti bọ́ sí gìgísẹ̀, iwájú pákó á fúyẹ́, kò ní gbọ́ràn mọ́, itan nìkan ni yóò sì máa gbé yín dúró láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ojúgun fara ti ahọ́n bàtà, kí ẹ máa mọ̀ ọ́n lára ní gbogbo ìgbà. Ẹ ká ọrùn ẹsẹ̀ àti orúnkún díẹ̀. Kí ọwọ́ méjèèjì wà níwájú, bí ẹni tó ń gbé tìréè ìrẹsì lọ fún àlejò níbi ìnáwó.

Ẹ má ṣe parọ́ fún ẹni tó ń yá yín ní pákó

Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí. Ní ọdún kẹta mi, wọ́n bi mí níbi tí mo ti yá pákó pé báwo ni mo ṣe mọ síkì sí. Mo ní mo ti mọ̀ ọ́n dáadáa, torí àwọn ọ̀rẹ́ mi dúró tì mí. Ìbéèrè náà kì í ṣe ìkíni lásán. Ìdáhùn yín, pẹ̀lú ìwúwo, gíga, ọjọ́ orí àti gígùn bàtà yín, ni wọ́n fi ń mọ bí ìdè tó so bàtà mọ́ pákó ṣe máa le tó. Ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá, tirẹ̀ á le sí i. Nígbà tí mo ṣubú lọ́jọ́ náà, pákó òsì kò tú. Orúnkún mi yí, oṣù 4 ni mo sì fi gba ìtọ́jú.

Àwọ̀ kì í túmọ̀ sí ohun kan náà níbi gbogbo

Ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, òbírípo àwọ̀ ewé ni ọ̀nà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, igun mẹ́rin búlúù ni ti ẹni àárín, dáyámọ́ńdì dúdú ni ti ọ̀gá. Ní Faransé, Ítálì àti Austria, búlúù rọrùn, pupa ni ti ẹni àárín. Nítorí náà ẹni tó ti Faransé wá, tó rí búlúù ní Banff, kó má rò pé ọ̀kan náà ni. Kódà ní orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo, búlúù òkè yìí lè le ju ti òkè kejì lọ. Ẹ fi èyí tó rọrùn wo òkè náà ná.

Ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò lè gbà yín lọ́wọ́ òtútù

Ìbọ̀sẹ̀ púpọ̀ á fún ẹsẹ̀ mọ́ inú bàtà, ẹ̀jẹ̀ ò ní rí ọ̀nà gbà, ẹsẹ̀ á wá tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹyọ kan tó gùn, tó fẹ́lẹ́, ti wúlù, ti tó. Kí ṣòkòtò má sì ká sínú bàtà. Jíìnsì máa ń fa omi mu, ẹ fi í sílé. Ẹ dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Ẹ wọ awò, ẹ fi ìpara oòrùn pa ojú, torí yìnyín tuntun lè dá tó ìdá 80 nínú 100 ìtànṣán tó ń jóni padà síni lójú, awọ dúdú náà sì ń jóná.

Ẹ má ṣe dúró sí àárín ọ̀nà

Lójú ọ̀nà Ìkòròdú sí Kétu, ẹni ẹ̀yìn ló ń fọn fèrè kí ti iwájú yà fún un. Ẹ má gbé ìwà yẹn dé orí òkè. Òfin 10 ni àjọ FIS, tó ń darí síkì lágbàáyé, ṣe, ó sì wà níbẹ̀ pé ẹni tó ń bọ̀ láti òkè ló gbọ́dọ̀ yà fún ẹni tó wà nísàlẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ sinmi, ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí ẹni tó ń bọ̀ á ti rí yín láti òkèèrè, kì í ṣe ní ẹ̀yìn ibi tí ilẹ̀ ti já wálẹ̀ lójijì. Kí ẹ tó tún gbéra, ẹ wo òkè.

Ẹ má ṣe sùn títí di ọ̀sán

Ọ̀nà tí wọ́n tẹ́ lóru kì í tẹ́ títí di alẹ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún pákó ló ń fá a. Tó bá di ọ̀sán, yìnyín rírọ̀ á ti kóra jọ ní òkìtì òkìtì, èyí tó le bíi gíláàsì á sì hàn láàárín wọn. Wákàtí méjì àkọ́kọ́ ló dùn jù. Àmọ́ bí oòrùn àná bá ti yọ́ ọ, tí ó sì tún dì lóru, ẹ ní sùúrù díẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ sí apá ibi tí oòrùn ti tètè ń tàn. Bí ẹsẹ̀ bá sì ti ń gbọ̀n lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ má sọ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù. Bí ọkọ̀ orí wáyà bá wà tó ń gbé èèyàn sọ̀kalẹ̀, ẹ wọ̀ ọ́.

Sátidé tó kọjá, Dàmọ́lá wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gun òkè. Ilà òòyà ṣì wà lójú ọ̀nà nínú fídíò náà, kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò pe Jésù lọ́tẹ̀ yìí. Ó ń fi ìka ka iye ìgbà tí ọmọ rẹ̀ yà. Ó dé orí 23 kó tó yíjú sí mi pé, “Ṣé kò ní tètè dé ìsàlẹ̀ kó jẹun ni?”