Bí ẹ ṣe lè so sáfà ext2fs mọ́ fódà lórí GNU Hurd

Lórí GNU Hurd, operating system ti GNU, kernel (ètò ìpìlẹ̀) tó ń jẹ́ Mach kò mọ fáìlì rárá. Ó ń pín mẹ́mọ́rì, ó sì ń gbé ìránṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ ètò kan dé pọ́ọ̀tù (ẹnu ọ̀nà ìránṣẹ́) èkejì. Ọwọ́ sáfà, ìyẹn ètò tó ń dá ètò mìíràn lóhùn, ni fáìlì wà. Sáfà bí ext2fs, tó ń bójú tó dísìkì ext2, sì jẹ́ ètò lásán bíi bash tí à ń tẹ àṣẹ sí.

Tí ẹ bá ṣí /home/ade/mnt/iwe.txt, glibc (àkójọ iṣẹ́ tí àwọn ètò ń lò) á rán ìbéèrè dir_lookup (wíwá orúkọ) sí sáfà root, ìyẹn sáfà tó ni fódà òkè pátápátá, /. Sáfà yìí á tọ orúkọ náà títí dé mnt. Bó bá bá sáfà mìíràn níbẹ̀, á fún yín ní pọ́ọ̀tù onítọ̀hún àti orúkọ tó ṣẹ́ kù. Bí ẹni tó béèrè ọ̀nà ní Mọ́kọ́lá ni, tí wọ́n ní kó dé Dùgbẹ̀ kó tún béèrè. Lẹ́yìn náà, ọ̀dọ̀ ẹni tó ni fáìlì ni io_read (ìbéèrè láti ka fáìlì) ń lọ tààrà.

Ẹ dán an wò lórí Debian GNU/Hurd nínú QEMU, ètò tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà. Ẹ ò nílò agbára root (alábòójútó ẹ̀rọ), bó bá ti jẹ́ ẹ̀yin lẹ ni fódà náà. Àwọn àṣẹ yìí ń ṣe fáìlì disk.img, wọ́n ń sọ ọ́ di dísìkì ext2, wọ́n sì ń fi settrans so sáfà mọ́ fódà mnt:

dd if=/dev/zero of=disk.img bs=1M count=64
/sbin/mke2fs -F -o hurd -E root_owner disk.img
mkdir mnt
settrans -a mnt /hurd/ext2fs $PWD/disk.img
fsysopts mnt

Bí ẹ bá gbàgbé root_owner, root ni yóò ni inú mnt, "Permission denied" lẹ ó sì máa rí. fsysopts ló ń fi sáfà tó ń ṣiṣẹ́ hàn. Ẹ má fi showtrans wá a: èyí tí a kọ sínú inode (àkọsílẹ̀ fódà náà lórí dísìkì) nìkan ló ń sọ, -a kì í sì í kọ nǹkan kan síbẹ̀.

Ẹ yọ -a kúrò bí ẹ bá fẹ́ kó ṣì wà lẹ́yìn tí ẹ bá tún ẹ̀rọ tàn. Sáfà ò ní gbéra nígbà náà àfi tí ẹnìkan bá kan mnt, kì í sì í ṣe inú fódà tí ẹ wà ló ti ń gbéra. Ìdí nìyẹn tí $PWD fi ṣe kókó.

Bí ext2fs ti mnt bá kú, ẹ̀rọ ò ní kú. Ètò tó ṣì di pọ́ọ̀tù àtijọ́ mú á rí àṣìṣe. Bó bá wà nínú inode, ls tó kàn á jí òmíràn dìde. Bó bá jẹ́ -a nìkan ni, mnt á padà di fódà òfìfo. Ẹ má bẹ̀rù, inú disk.img ni gbogbo fáìlì yín wà.

Láti tú u, ẹ jáde kúrò nínú mnt, kí ẹ tẹ settrans -g mnt. Tó bá ní "Device or resource busy", ètò kan ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ wá a kí ẹ pa á, kí ẹ tó ronú kan -f, tó ń fi tipátipá tú u.

Níbi tí iná ti ń lọ lójijì bíi ti Ìbàdàn wa, ẹ máa tẹ sync lemọ́lemọ́, kí ohun tó wà nínú mẹ́mọ́rì lè dé orí dísìkì. ext2 kì í kọ ohun tó fẹ́ ṣe sílẹ̀ kó tó ṣe é, fsck (ètò tó ń yẹ dísìkì wò) nìkan ló lè tún un ṣe bí iná bá já a lẹ́nu iṣẹ́.